Ẹní tí Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi Rù Gòkè

Òórùn àdán àti òórùn ṣọ́ọ̀kì ni mo fi mọ Kábà. Ìwọ tí o dàgbà níbẹ̀ lè fi òórùn mìíràn mọ̀ ọ́n, bóyá ti iṣu tí wọ́n ń sun lẹ́bàá ọ̀nà, tàbí ti ilẹ̀ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Ní tèmi, yàrá ìkàwé kan ni mo kọ́kọ́ sùn sí nílùú náà, àwọn àdán sì ti gba àjà rẹ̀ kí a tó dé. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn ṣọ́ọ̀kì lára ọmọ tó ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ẹ̀yìn mi ló ń kọ́kọ́ ro mí kí n tó rántí ohunkóhun. Ọmọ ló wà lẹ́yìn náà nígbà yẹn. Ọmọ ọdún méjì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, tó wúwo bí àpò iyọ̀, tí kì í fẹ́ rìn nígbà tí a bá ń rìn, tí kì í sì í fẹ́ jókòó nígbà tí a bá jókòó.

Àwọn ìjọba ló ṣe ìpàtẹ fún gbogbo àgbègbè wa lẹ́yìn ìkórè, nígbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni. Wọ́n ní kí olóko gbé iṣu rẹ̀ tó tóbi jù wá, kí obìnrin tó bá mọ aṣọ híhun gbé kíjìpá rẹ̀ wá kí àwọn òyìnbó wò ó. Àwọn ẹlẹ́ṣin yóò wá, àwọn oníjàkadì yóò wá, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yóò yan bí ọmọ ogun. Ṣùgbọ́n jáńgílófà ni gbogbo ẹnu ń sọ. Káfíńtà kan ló kàn án, ẹṣin onígi mẹ́fà tí a so mọ́ òpó ńlá kan, tí àwọn ọkùnrin mẹ́rin ń fi ọwọ́ tì yí po, tí àwọn ọmọdé sì ń jókòó lé lórí. Ọkọ mi gbọ́ nípa rẹ̀ lọ́jà Mopa, ó dé ilé ní Ẹ̀júkù, kò jẹ́ kí n gbádùn. "Gbé aṣọ rẹ lọ," ó ní, "kí o sì gbé ọmọ wa gun ẹṣin." Òun fúnra rẹ̀ kò lè kúrò lóko, òwú ti là, kò sì sí ẹni tí yóò bá a ká a.

Kò sọ ibi tí n ó wọ̀ sí fún mi, nítorí kò sí ohun tó wà níbẹ̀ láti sọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti lọ́kọ sí Kábà kí n tó mọ ọ̀nà ilé wọn rárá. Ní tiwa, ìyàwó kì í dé ìlú tí ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ wà kó kọ́kọ́ sọ ẹrù kalẹ̀ níbòmíràn. Ibi tí o bá kọ́kọ́ sọ ẹrù sí lo pè ní ilé. Bí o bá sọ ọ́ sí ìta, o ti sọ fún gbogbo ayé pé ohun kan ń bẹ nínú ilé yẹn tí kò dára. Mo mọ èyí dáadáa. Mo tún mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n náà kò tíì rí ọmọ mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, àti pé kò sí ẹni tó ti Kábà bọ̀ tí kì í bá a jíṣẹ́ fún wa pé, "Ẹ ní kí wọ́n gbé ọmọ mi wá kí n rí i." Kò sí ọmọdé kankan nínú ilé tirẹ̀.

Àfẹ̀mọ́júmọ́ la gbéra nínú lọ́rì, eruku ọ̀nà sì ti sọ gbogbo wa di ẹni tó hewú kí a tó dé Mopa. Ìyá aláṣọ kan wọlé níbẹ̀, àgbà obìnrin tó ń gbé aṣọ tirẹ̀ náà lọ, ó sì jókòó tì mí. Ọmọ mi ti bì sí mi lára lẹ́ẹ̀mejì. Ó wò mí, ó wo ọmọ, ó ní:

"Okun o, ìyá ọmọ. Níbo lo ó wọ̀ sí?"

"Ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, ìyá. Wọ́n ní ìsàlẹ̀ ìlú ló wà, lẹ́bàá odò."

"Ìsàlẹ̀ ìlú!" Ó pàtẹ́wọ́. "Ìwọ àti ọmọ bí àpáta yìí? Orí òkè ni pápá ìpàtẹ wà o. O ó pọ̀n ọ́n gòkè láàárọ̀, o ó pọ̀n ọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ́sàn-án kó lè sùn, o ó tún gbé e gòkè. Wọ́n ti ṣí ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá fún àwa aláṣọ. Bí ọmọ bá ń tòògbé, o kàn gbé e wọlé ni."

Obìnrin mìíràn dá sí i pé ilé onílé kan wà lẹ́yìn ọjà tí wọ́n ń gba àlejò sí. Ìyá aláṣọ ní àwọn awakọ̀ ló ń sùn síbẹ̀, àfi bí mo bá fẹ́ kí ọmọ mi kọ́ èébú kí ó tó kọ́ bí a ṣe ń kí ènìyàn. Gbogbo lọ́rì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló rọra sọ sí mi létí: "Ẹ̀yìn rẹ ni ọmọ wà, kò sí lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ."

Bí mo ṣe rò ó nìyẹn láti Mopa dé Kábà. Mi ò kàwé, ṣùgbọ́n mo máa ń yẹ nǹkan wò kí n tó ṣe é. Mo ro ti omi, mo ro ti òjìji, mo ro ti oorun ọ̀sán ọmọ, mo ro ti ẹ̀yìn mi. Gbogbo rẹ̀ ń sọ pé ilé ẹ̀kọ́ ni. Ohun kan ṣoṣo ló ń sọ pé ìsàlẹ̀ ìlú, mo sì rò pé mo lè fi ẹ̀bùn tù ú lójú. Èlùbọ́ wà lọ́wọ́ mi tí ìyá ọkọ mi fi rán mi sí i, pẹ̀lú ẹran gbígbẹ. Nígbà tí a dé pápá, mo rí obìnrin ẹlẹ́kọ kan tí ilé rẹ̀ wà lọ́nà ibẹ̀, mo di ẹrù náà sínú aṣọ, mo ta á ní kókó méjì, mo gbé e fún un. Mo ní, "Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ ní mo ti dé, n ó yọjú bí ìpàtẹ bá parí." Ọkàn mi balẹ̀. Mo tẹ́ aṣọ sílẹ̀ nínú yàrá ìkàwé, mo gbé ọmọ lé e. Àṣìṣe tí mo ṣe nìyẹn, mi ò sì mọ̀.

Ohun tí kò sí ẹni tó sọ fún mi nípa ibi tó súnmọ́ ìran ni pé ìran náà súnmọ́ ọmọ. Fèrèsé yàrá wa kọjú sí jáńgílófà gan-an. Bí àwọn ọkùnrin bá ti tì í, òpó rẹ̀ á ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí a gbá létí mú, ọmọ mi á sì fò dìde. "Jáń! Jáń!" N ó gbé e jáde, n ó tò sórí ìlà, yóò gùn ún, wọn yóò ní ó tó, yóò sì dì mọ́ ọrùn ẹṣin onígi náà pé òun kò sọ̀ kalẹ̀. N ó já a gbà tòun ti igbe. N ó gbé e wọlé kó sùn. Òpó á tún ké. Kí oòrùn ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wọ̀, a ti ṣe èyí tó ìgbà méje, mi ò sì tíì dúró ti aṣọ mi tó ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń jẹ ẹ̀kọ méjì. Nígbà kan tí mo yíjú láti dáhùn ẹni tó ń bi mí bí mo ṣe pa òwú náà láró, ọmọ ti lọ. Abẹ́ ẹṣin la ti rí i, ẹṣin gidi, ó jókòó sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ ó ń ká koríko. Ẹlẹ́ṣin náà kò pariwo. Ó rọra bẹ̀rẹ̀, ó fà á jáde, ó sì gbé e fún mi. Mo jókòó sínú eruku níbẹ̀.

Sìmẹ́ńtì tútù ni ilẹ̀ yàrá, àwa obìnrin bí ogún la sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wa. Bí ti ẹnì kan bá dákẹ́, ti ẹlòmíràn á gbà á. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọmọ mi kò jẹun mọ́, ojú rẹ̀ pọ́n, ara rẹ̀ ń gbóná nítorí àìsùn. Ìgbà yẹn ni ẹlẹ́kọ dé. Ó gbé ẹrù lọ́wọ́. Mo mọ aṣọ náà láti òkèèrè, mo sì mọ kókó méjèèjì. Bí mo ṣe ta wọ́n ni wọ́n wà.

"Wọ́n ní kí n dá a padà fún ọ," ó ní, kò wo ojú mi.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ẹrù dé, ẹlẹ́rù ò dé. Wọ́n ní àwọn kì í gba ẹrù tí kò ní orí tó rù ú wá."

O mọ ohun tí èyí jẹ́ nílẹ̀ wa. Bí wọ́n bá dá ẹrù ìyàwó padà láìtú u, ọ̀rọ̀ ti délé kí ìyàwó tó délé. Èlùbọ́ ìyá ọkọ mi ni. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló dá a padà. Èmi ni n ó gbé e wọ inú ilé ní Ẹ̀júkù, gbogbo agbo ilé á sì máa bi mí kí ni mo rí nílé ẹ̀gbọ́n tí mi ò fi lè wọ ibẹ̀. Àwọn ìyàwó kan wà nílé wa tí wọn kò bọ́ nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi darúgbó. Mo yíjú sí ìyá aláṣọ, mo ní ó gbọ́ ohun tí ìmọ̀ràn rẹ̀ fà.

"Ìmọ̀ràn mi kẹ̀?" ó ní. "Mo ní kí o sùn síbí. Ṣé mo ní kí o má kí ènìyàn ni? O ti dé láti àná, o ò tíì fi ojú kàn án! Há, ìyàwó òde òní."

Òótọ́ ló sọ. Mo fẹ́ dìde kí n lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo pọ̀n ọmọ, mo dé ẹnu ọ̀nà, mo wo òkè náà bó ṣe dà sísàlẹ̀ lábẹ́ oòrùn, mo sì padà jókòó. Kì í ṣe agídí. Ó rẹ̀ mí ni. Irú àárẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé bí ilé bá ń jó, o ó kọ́kọ́ wò ó ná.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí mo rí obìnrin kan tó ń bọ̀ láàárín pápá, tó rọra ń gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún bí ẹni tí orúnkún ń dùn. Ẹní ká lórí rẹ̀. Kò wo ẹlẹ́ṣin, kò wo jáńgílófà. Ó wọlé, ó dúró lórí mi, mo sì rí imú ọkọ mi gẹ́lẹ́ lójú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

"Okun o, ìyàwó."

"Okun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀wọ́..."

"Dìde. Sìmẹ́ńtì yìí kò dára fún orúnkún, mo mọ̀ bí tèmi ṣe rí." Ó sọ ẹní kalẹ̀. "Ṣé ilé mi ń jò ni?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé wọ́n sọ fún ọ pé mo lẹ́nu?"

"Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ló wá ṣe é?"

Gbogbo obìnrin inú yàrá ti ń tẹ́tí sí wa. Mo ní irọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́nu, mo sì wá èyí tó dára jù nínú wọn, kò sí agbára láti gbé e jáde. Mo ní, "Ó jìnnà ni. Ọmọ wúwo. Ó rẹ̀ mí."

Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Ìyẹn ni ò bá rán sí mi, dípò èlùbọ́."

Ó tẹ́ ẹní rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ tí mo tẹ́ sílẹ̀, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Ìyá aláṣọ bi í pé ṣé ó wá mú ìyàwó rẹ̀ lọ ni. Ó ní rárá. "Èmi ni ọkọ rẹ̀ nílùú yìí. Ibi tí ìyàwó mi bá sùn ni mo ń sùn. Ẹ sún fún mi." Ẹ̀rín bú yàrá. Kò na ọwọ́ sí ọmọ rárá. Ó kàn tú ẹ̀pà sísè láti etí aṣọ rẹ̀, ó ń pa á, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí kò rí ọmọdé kankan. Kò pẹ́ tí ọmọ mi fi sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Ó rìn lọ fúnra rẹ̀, ó dúró, ó la ẹnu. Ẹ̀gbọ́n fi ẹ̀pà kan sí i. Lẹ́yìn ìkarùn-ún ó gbé e pọ̀n, ó sì ń yí po láàárín wa, ó ń kọrin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ní èdè Owé tí wọ́n ń sọ ní Kábà, tí mi ò gbọ́ tán. Òpó jáńgílófà ké. Ọmọ kò gbé orí. Èmi náà sùn, mo sì sùn dé ibi tí mi ò gbọ́ àdán.

Lọ́jọ́ kẹta, mo dúró ti aṣọ mi láti àárọ̀ títí wọ́n fi wò ó tán. Kò gba ipò kankan. Aṣọ ìyá aláṣọ ló gba ipò kejì, ó sì ń yan káàkiri bí ẹlẹ́ṣin. Ṣùgbọ́n mo gbé ojú sókè nígbà kan, mo rí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lórí ẹṣin onígi, ọmọ mi lórí itan rẹ̀, gèlè rẹ̀ ti yọ sẹ́yìn. Àwọn tó ń tì í ń pariwo pé, "Ìyá, ẹṣin yìí kì í ru àgbà o! Yóò kú!"

"Ẹ máa tì í," ó ní. "Bó bá kú, n ó sìnkú rẹ̀."

Lọ́rì wa yóò lọ lọ́sàn-án ọjọ́ tó tẹ̀ lé ìpàtẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo pọ̀n ọmọ, mo ru ẹrù èlùbọ́, mo tẹ̀ lé e lọ sí ìsàlẹ̀ ìlú. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa nínú lọ́rì. Ó jìnnà. Òkúta wẹ́wẹ́ ló kún ojú ọ̀nà, ó ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, mo sì sinmi lẹ́ẹ̀mejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sísọ̀kalẹ̀ là ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà ìkejì tí mo sinmi, mo bojú wẹ̀yìn wo òkè náà, mo sì wo ẹ̀gbọ́n níwájú mi, pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ àti ẹní lórí. Ó ti gba ibí yìí gòkè.

Nígbà tí a dé, ó kọjá sí ẹ̀yìnkùlé lọ fọ ẹsẹ̀, ó ní kí n wọ yàrá tó wà lọ́wọ́ òsì. "Gbé ẹsẹ̀ sókè o," ó ní, "pákó wà níbẹ̀." Pákó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n kàn án dábùú ẹnu ọ̀nà, ó ga tó orúnkún mi, igi rẹ̀ tuntun, oje ṣì ń yọ lára rẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ kọjá. Wọ́n ti fi ìgbẹ́ màlúù pa ilẹ̀ yàrá náà, ó ń dán, ó tutù, kò sí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Àyè ẹní kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó ṣófo, mo sì mọ ẹní tó ti kúrò níbẹ̀. Ẹní kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè náà. Igbá kékeré kan wà, irú tí ọmọdé lè fi ọwọ́ méjèèjì gbé.

Mo bi í nígbà tó wọlé pé kí ni pákó náà wà fún.

"Odò wà lẹ́yìn ilé," ó ní. "Wọ́n sọ fún mi pé ẹ ń bọ̀, pé ọmọ yín ti ń sáré."

Mo rántí gbogbo ohun tí mo yẹ̀ wò nínú lọ́rì. Omi, òjìji, oorun, ẹ̀yìn mi. Mi ò ro ti odò. Ẹni tí kò ní ọmọ nílé ló rò ó fún mi, tó pe káfíńtà, tó ń retí wa láti ọjọ́ tó gbọ́ pé a ń bọ̀, tó sì rí ẹrù tó dé láìsí wa. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ dídán náà, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé èlùbọ́ fún un. Ó gbà á. Ó jókòó, ó tú kókó kìíní, ó tú èkejì, ó fi ìka tọ́ ọ wò. "Ti ìyá mi ni," ó ní. Kò sì sọ ọ̀rọ̀ ẹrù tó dá padà fún ẹnikẹ́ni ní Ẹ̀júkù títí ó fi kú.

Ọmọ tí mo pọ̀n lọ ìpàtẹ ti di ìyá àgbà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń wá sí ilé láti ọ̀nà jíjìn, àwọn náà ń pọ̀n ọmọ. Èyí tó wá kẹ́yìn pè mí lórí fóònù, ó ń fà á tìkọ̀ tìkọ̀, pé òtẹ́ẹ̀lì ni òun yóò wọ̀ sí, nítorí iná àti omi, nítorí pé ọmọ òun kì í sùn bí ooru bá mú. Mo gbọ́ àárẹ̀ nínú ohùn rẹ̀. Mo ní ó ṣe é dáadáa. Mo ní kó fi orúkọ òtẹ́ẹ̀lì náà ránṣẹ́, n ó wá bá wọn níbẹ̀. Mo sì lọ. Bí ó ti rẹ ènìyàn ni ó ń yàn, àwa tí a jókòó sílé la ní ẹsẹ̀ láti gbé.

Ṣùgbọ́n pákó kan wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ó ti pẹ́ tí mo ti ní kí wọ́n kàn án síbẹ̀. Àwọn aládùúgbò máa ń fi ẹsẹ̀ kọ ọ́. Wọ́n á ní, "Ìyá, kí ni èyí ń ṣe níbí, nígbà tí kò sí ọmọdé nílé?" Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè.